Ìgò Tí Mùínátù Gbé Lọ sí Ìbàdàn

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, dókítà gé díẹ̀ lára kókó tó yọ sí ọrùn Edith Odùsànyà. Ó jù ú sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀ kan tí omi oògùn wà nínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà gan-an. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Òjò ti ṣú láti òwúrọ̀, kò sì rọ̀.

Ilé ìwòsàn náà kò ní ọkọ̀ tó ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹbí aláìsàn ló ń gbé e. Ernest, àbúrò Edith, ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Ṣàgámù, kò sì ní í dé títí di alẹ́, nítorí náà Mùínátù ìyàwó rẹ̀ ló gba ìgò. Dókítà kọ lẹ́tà, ó ká a yí ìgò náà ká, ó fi rọ́bà dè é. Edith wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ojú rẹ̀ ti ń pa dé, síbẹ̀ ó rí Mùínátù bó ṣe gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, tó wò ó, tó sì fi ìborùn rẹ̀ bò ó bí ẹni bo ọmọ tuntun.

“Ọkọ mi, ẹ sùn o,” ni Mùínátù wí. “Mo ń gbé yín lọ, mo ń gbé yín bọ̀.”

Edith fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe òun ló ń gbé lọ. Oorun kò jẹ́.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni dókítà ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un, kò sì fi igbá kan bọ̀kan nínú. Kókó náà lè jẹ́ ẹran lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ibi tó wà yìí kò tíì burú. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, wọn yóò yọ ọ́, ara yóò sì le. Ṣùgbọ́n iṣan tó ń gbé ohùn jáde gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí jẹjẹrẹ bá ṣáájú ọ̀bẹ débẹ̀, ohùn yóò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì yóò fi jáde.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Edith. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1976, wọn kò bímọ, ó sì kó padà sí ilé baba rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tó kù fún un ni kíláàsì. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé kíkà àti orin. Kì í mú pàṣán dání. Bí ó bá ti pe orúkọ ọmọ lẹ́ẹ̀kan láti iwájú, ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ náà ni Mùínátù tó padà dé. Ó ní òun ti fi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn. Ohun tó ń bí i nínú ni aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kó sí kòtò ní Mámù lójú ọ̀nà, omi inú ìgò ti dà sí i lára. Ó fọ ìró náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ọṣẹ, ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, òórùn rẹ̀ kò lọ. Ó sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn adìẹ ilé kò ti gba abẹ́ okùn yẹn kọjá mọ́. Wọn a rìn dé ibẹ̀, wọn a dúró, wọn a wá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Mùínátù ti wà nínú ilé náà. Ọmọ oníṣòwò ni láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Mùsùlùmí tó mọ kéú kà dáadáa ṣùgbọ́n tí ìwé òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ yé. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Bó ti yẹ ìyàwó ilé, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, àgbà tàbí ọmọdé. Eyínafẹ́ ló sọ Edith ní ọjọ́ kẹta tó wọlé, nígbà tí Edith wá kí i, nítorí eyín iwájú Edith, ohun tó sì ń pè é títí náà nìyẹn, bí kò bá pè é ní ọkọ mi.

Edith bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ó tún gbogbo kọ́tìnnì ilé rán. Ó da ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, ó tún wọn tò, ó tún dà wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ ohun tó fọkàn sí jù ni kànga tó wà lẹ́yìnkùlé. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí, a lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, a sì fi ohùn gun àtẹ̀gùn orin láti dò títí dé dò òkè, láti mọ̀ bí ohùn náà ṣì pé. Kànga a dá a lóhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, a mí kanlẹ̀, ọjọ́ náà a ṣeé gbé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó dé sò, ohùn rẹ̀ sì kọ̀. Ó gbìyànjú là, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Kànga kọ là.

Ó rọra kọ ọ́, ó mọ́ gaara, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Edith di etí kànga náà mú. Kò sí afẹ́fẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì jí ní ilé tó wà lẹ́yìn ògiri. Ó dúró títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ó dé ìdérí páànù mọ́ ọn, ó gbé òkúta lé e, kò sì tún kọrin níbẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, bó ti ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ràsákì tó ń tún rédíò ṣe. Ràsákì jẹ́ aláwàdà èèyàn. Ó fi irin ìjóná rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ké sí i.

“Tíṣà, ẹ ò kí èèyàn mọ́. Àbí ìborùn tí ẹ fi ń yan ọrùn yìí ló sọ yín di olóyè?”

“Níbo la ti pàdé tí n kò kí ọ?”

“Ní Ìmùṣin lánàá, nídìí àwọn aláta. Mo kí yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wò mí báyìí, ẹ sì bá tiyín lọ.”

Edith ní òun kò dé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lánàá. Inú kíláàsì lòun wà títí di aago kan ààbọ̀, ilé lòun sì gbà lọ. Ràsákì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó wo ìborùn tó fi bo ojú ọgbẹ́, ó sì gbé irin rẹ̀ padà.

“Kò sí nǹkan lọ́rùn ẹni tí mo rí,” ló wí. “Ọrùn rẹ̀ mọ́.”

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Edith wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìbàdàn láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ilé àyẹ̀wò náà jẹ́ ilé gígùn kan tó ní fèrèsé kékeré kan, àwọn ènìyàn sì tò síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì méjì. Ẹni kọkànlélógún ni Edith. Akọ̀wé tó wà ní fèrèsé béèrè orúkọ, ó fi ìka tọ ìwé ńlá rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó sì ní kò tíì jáde, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó padà lọ ní ọjọ́ kejìlélógún. Lọ́tẹ̀ yìí akọ̀wé náà ṣí ìwé dé ojú ewé tó fara balẹ̀ kà. Ó kà á tán, ó sì gbé ojú sókè.

“Màmá, kò sí Edith níbí. Kò sí Odùsànyà. Ẹni tí ẹ ń wí yẹn kò sí.”

Edith ní wọ́n gbé e wá ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án. Akọ̀wé ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò sí, kí ó padà lọ bi dókítà rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fi ejìká tì í.

Dókítà gbọ́rọ̀ náà, ó sì fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó ní irú nǹkan wọ̀nyẹn a máa pẹ́ lọ́hùn-ún, pàápàá lọ́dún yìí tí oògùn tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò kò wọlé dáadáa. Ó ní bí nǹkan burúkú bá wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá ti ránṣẹ́. Kí ó fara balẹ̀ títí di òpin oṣù kọkànlá. Bí kò bá jáde, òun yóò gé òmíràn. Edith di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di ọ̀pá mú nínú òkùnkùn. Wọn ì bá ti ránṣẹ́. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń fọ abọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ akọ̀wé a máa gorí rẹ̀: ẹni tí ẹ ń wí yẹn kò sí.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá, Helen tí wọ́n jọ ń kọ́ni wá bá a nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun lọ kí ìyá òun ní Òdogbolú lópin ọ̀sẹ̀, òun sì rí Edith níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Òun pè é, Edith sì yíjú sí òun. Ó ní ẹ̀rín ni ẹni náà rín sí òun. Ó la ẹnu rẹ̀ bí ẹni fẹ́ dáhùn, ohùn kankan kò jáde, ó wá wọ inú àwọn èrò.

“Èmi kọ́,” ni Edith wí.

“Mo mọ̀. Bí mo ti délé ni mo ti mọ̀. N kò sùn.”

Wọn a máa sọ ọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ níbi gbogbo, pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé a máa lọ jókòó sí ìlú mìíràn, a máa ra, a máa tà, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i. Ṣùgbọ́n nípa òkú ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Edith jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì ń ro ohun kan tí kò lè sọ fún Helen. Nǹkan kan ti kúrò lára òun. Wọ́n ti gbé e gba Mámù kọjá nínú ìgò, wọ́n ní kò dé ibi tí wọ́n gbé e lọ. Níbo ló wá wà?

Láti ìgbà náà ni kíláàsì pàápàá ti yí padà lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń há. Bó bá ń pe orúkọ láràárọ̀, àwọn tó wà níwájú a dáhùn, àwọn tó wà lẹ́yìn a máa bá eré wọn lọ. Ní ọjọ́ kan ó pe ọmọ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ náà ń wo ọ̀kánkán rẹ̀, ó ń wo pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ènìyàn láàárín òun àti pátákó. Edith fa ìlà sí iwájú orúkọ rẹ̀ pé kò wá. Nígbà tó di ọ̀sán ló tó mọ ohun tó ṣe.

Ó dẹ́kun jíjáde. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, a wọ yàrá, a kọjú sí ògiri. Orí òrùlé ni Ernest ń gùn, ó ń tún páànù tí kò jò kàn. Mùínátù ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Ìkọ́kọrẹ́ ló ń sè fún un nítorí ó rọrùn láti gbé mì, kò fi ata púpọ̀ sí i, a sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí òkùnkùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá, a dúró nílé ìdáná, a sì pè é láìní ìdí kankan.

“Eyínafẹ́!”

“Hùn-ún.”

“Kò sí o. Mo kàn ní kí n pè yín ni.”

Bí ìdáhùn náà ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni Mùínátù ń sún mọ́ ilẹ̀kùn kó tó pè. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa dé ìdajì, ẹnu ọ̀nà yàrá gan-an ló ń dúró sí.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ni Edith lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kẹta. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti Mámù dé ẹnu odi Ìbàdàn, kò rí igi kan dáadáa, àfi òjìji wọn. Ẹni kẹsàn-án ni lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kàn án, ó ki orí bọ inú fèrèsé kí akọ̀wé lè gbọ́ ohun tó ń sọ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí òun kò fẹ́ kí wọ́n tún gé òun.

Akọ̀wé náà mọ̀ ọ́n. Bóyá àánú rẹ̀ ló ṣe é. Ó gbé ìwé ńlá sílẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ kan ní ìsàlẹ̀, ó sì kó ìdì ìwé kan jáde tí wọ́n fi okùn dì.

“Màmá, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà nìyí,” ló wí. “Obìnrin Ìjẹ̀bú-Òde kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, òun náà kì í ṣe yín. Lẹ́tà tó bá a wá ti rin gbindin, orúkọ ìlú nìkan la rí kà níbẹ̀. Ẹnu obìnrin tó gbé e wá la ti gba orúkọ aláìsàn.”

“Kí lorúkọ náà?”

“Eyínafẹ́.”

Inú ilé kan ṣoṣo láyé ni wọ́n ti ń pe orúkọ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń pè é, láti ilé ìdáná, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ó wá ń jáde báyìí lẹ́nu àjèjì, láti inú dúrọ́ọ̀, ní Ìbàdàn. Ó ń ṣe é bíi pé ẹni tí Ràsákì àti Helen rí ni wọ́n pè, àti pé bí òun bá yíjú padà, òun yóò bá a lórí bẹ́ǹṣì.

Kò yíjú padà. Ó na ọwọ́.

“Èmi ni.”

Akọ̀wé wò ó pẹ́. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ti fi yíǹkì pupa sàmì sí ti Eyínafẹ́. Bí oṣù kan ààbọ̀ bá ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wá, àwọn a máa kà á sí pé aláìsàn ti kú. Edith tú ìborùn rẹ̀, ó sì fi ojú ọgbẹ́ hàn án. Ó sọ ọjọ́ tí wọ́n gbé ìgò wá, ó sọ wákàtí, ó sọ pé obìnrin tó gbé e wá pupa, ó sì ní ilà kékeré lẹ́rẹ̀kẹ́. Akọ̀wé fún un ní ìwé náà.

Lórí bẹ́ǹṣì ló ti kà á. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì tàn, kí wọ́n tètè yọ ọ́, kó má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó wà lókè ìwé náà ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ìwé náà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta ló fi wà níbẹ̀.

Ó délé ní ìrọ̀lẹ́. Mùínátù ń gún iyán fún ọkọ rẹ̀. Edith jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó sì dúró kí ó gún un tán.

“Orúkọ wo lo pè fún wọn ní Ìbàdàn?”

“Orúkọ yín ni, ọkọ mi.”

“Pè é.”

Mùínátù pè é. Edith na ìwé náà sí i, ó fi ìka hàn án ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì sọ ohun gbogbo tí akọ̀wé sọ àti iye ọjọ́. Mùínátù gbé ọmọ odó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Wọ́n bi mí lójú gbogbo èrò,” ló wí. “Mo rò pé orúkọ inú ìwé wà lórí lẹ́tà dókítà. Kí n wá la ẹnu mi báyìí, níta gbangba, kí n máa pe ọmọ ọkọ mi lórúkọ? Ọdún mẹ́rìnlá, ọkọ mi. N kò pè é rí. Kò tilẹ̀ sí lẹ́nu mi.”

Edith mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ká ní ọjọ́ náà ni Mùínátù pe Edith ní gbangba, àwọn ìyá ilé ì bá bá a wí, òun Edith pàápàá ì bá sì máa wò ó pé ó ti gbójú. Kò bínú. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti tán fún ọjọ́ náà, ó sì fi ọwọ́ kàn án léjìká nìkan. Mùínátù dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Ernest ní láti gbé e dìde.

Ẹni tí wọ́n rí ní Ìmùṣin àti ní Òdogbolú, kò sí ẹni tó tún rí i.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 1985, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Edith Odùsànyà ní Ìbàdàn. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Jẹjẹrẹ náà ti yí iṣan ohùn ká ní ọ̀tún àti ní òsì. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, ó sì yè. Ní oṣù kìn-ín-ní, ilé ẹ̀kọ́ gbé kíláàsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n sì fi í sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé. Ohùn rẹ̀ kò padà wá.